Eré Tí Ó Yẹ Láàárín Ọmọ Yín àti Ọmọ Ajá

Ní Òpèbí àti káàkiri Ìkẹjà, Ògbà àti Agége, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó máa ń gba ọmọ ajá sínú ilé kí ó lè di ajá ìṣọ́lé bí ó bá dàgbà. Àwọn ọmọdé ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bá a dọ́rẹ̀ẹ́. Èyí dára, nítorí pé ẹni tí ó ń tọ́jú ẹranko a máa kọ́ sùúrù àti àánú. Ṣùgbọ́n eyín ni ọmọ ajá fi ń ṣeré, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fi ẹnu tọ́ ohun gbogbo wò. Eré tí a kò bójú tó lè di ọgbẹ́, ọgbẹ́ náà sì lè kó àrùn dìgbòlugi ran ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ó yẹ kí ẹ mọ eré tí ó dára àti èyí tí kò dára.

ÌDÍ TÍ ERÉ FI ṢE PÀTÀKÌ

Àwọn kan gbà pé eré a máa ba ajá ìṣọ́lé jẹ́. Wọn a so ọmọ ajá mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ajá tí kò mọ ènìyàn ní kékeré a máa bẹ̀rù ènìyàn bí ó bá dàgbà, ẹ̀rù yìí sì lè mú kí ó gé ọmọ onílé pàápàá jẹ. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọmọ ajá máa ń tètè mọ ènìyàn jù lọ. Àti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn tí a jọ bí i ni ó ti kọ́kọ́ ń kọ́ láti má ṣe fi eyín le koko. Bí ó bá gé èkejì rẹ̀ jẹ jù, èkejì a ké, a sì fi eré sílẹ̀. Ẹ má ṣe gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8 kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

KÍ ERÉ TÓ BẸ̀RẸ̀

1. Ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko fún oògùn aràn. Púpọ̀ nínú ọmọ ajá ni a bí ti àwọn ti aràn, aràn náà sì lè ran ọmọdé. Bí ó bá pé nǹkan bí oṣù 3, kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ẹ máa tún un gbà ní àkókò tí dókítà bá dá.
2. Kí àgbàlagbà wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má ṣe fi ọmọ kékeré àti ajá nìkan sílẹ̀.
3. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n ṣeré. Ajá kì í làágùn bí tiwa; mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀. Ẹ gbé omi sí ìtòsí.
4. Ẹ ti géètì, kí ó má baà sá bọ́ sí títì.

ERÉ MẸ́RIN TÍ Ó DÁRA

Gbé e wá: Ẹ ju bọ́ọ̀lù tí ó tóbi ju ohun tí ó lè gbé mì lọ. Bí ó bá gbé e dé, kí ọmọ má ṣe já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Kí ó fi ẹyọ búrẹ́dì kékeré ṣe pàṣípààrọ̀.

Wá mi kàn: Kí àgbàlagbà di ọmọ ajá mú, kí ọmọ sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, kí ó sì pe orúkọ rẹ̀. Báyìí ni ajá ṣe ń kọ́ láti wá nígbà tí a bá pè é.

Fi imú wá a: Ẹ fi ẹja sísè tí kò ní eegun pamọ́ sábẹ́ ọ̀kan nínú ife ike mẹ́ta. Ajá yóò gbóòórùn rẹ̀ títí yóò fi rí i. Eré yìí dára fún ọjọ́ òjò.

Jókòó: Ẹ gbé oúnjẹ díẹ̀ sókè orí rẹ̀. Bí ó bá ti jókòó, ẹ yìn ín, kí ẹ sì fún un.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fún eré kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wọn fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́.

ERÉ TÍ KÒ YẸ

Kí ọmọ má ṣe ki ọwọ́ bọ ajá lẹ́nu, kí ó má ṣe fà á ní ìrù, kí ó má ṣe bá a jìjàkadì. Kí ó má ṣe dí i lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń jẹun tàbí tí ó ń sùn. Bí ajá bá kùn, tàbí tí ó ki ìrù bọ abẹ́, ìkìlọ̀ ni. Ẹ dá eré dúró. Bí eyín rẹ̀ bá kan ara nínú eré, kí ọmọ dúró jẹ́ẹ́, kí ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ẹ sì mú ajá kúrò fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má ṣe nà án, kí ó má baà máa bẹ̀rù ọwọ́ ènìyàn.

BÍ AJÁ BÁ GÉ ỌMỌ JẸ

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún. Nínú ènìyàn 10, nǹkan bí 4 jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn, kò sí ìwòsàn tí ó dájú fún un. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur fún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9, ní abẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ni a ti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tí a tètè gbà lè dí i lọ́nà.

1. Lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko.
2. Ẹ má ṣe fi epo, ata, eérú tàbí irun ajá sí i.
3. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré, kí ó sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá kọ fún un pé. Aboyún àti ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú lè gbà á pẹ̀lú.
4. Ẹ má ṣe pa ajá náà. Ẹ so ó, kí dókítà ẹranko máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 10 yìí kí ẹ tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó máa ń fi ọgbẹ́ pamọ́, nítorí ẹ̀rù pé a ó na òun tàbí pé a ó lé ajá òun lọ. Nítorí náà, lónìí, ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó. Ẹ ṣèlérí fún wọn pé ẹ kò ní í nà wọ́n bí wọ́n bá sọ pé ajá gé àwọn jẹ tàbí pé ó họ àwọn lára. Ọmọ tí ó bá tètè sọ̀rọ̀ ni a lè tètè gbà là.