Má Jẹ́ Kí Òórùn Tíì Tàn Ọ́

Ọmọ mi, mo rí i pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń fi agolo tíì olóòórùn dídùn ta ara yín lọ́rẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá fún ọ ní ọ̀kan, má kàn ṣí ìdérí, kí o fà á símú, kí o wá ní "tíì yìí mà dára o!" Imú ló sọ̀rọ̀ yẹn, ahọ́n ò tíì dá sí i.

Wo Earl Grey. Orúkọ Charles Grey, tó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1830 sí 1834, ni wọ́n fi ń pè é. Tíì dúdú ni, òróró èèpo bergamot ni wọ́n fi mú un ta sánsán. Ìbátan ọsàn ni bergamot, Calabria ní gúúsù Ítálì sì ni ilé rẹ̀. Òróró yìí le. Ẹni tó bá ní ewé gidi lọ́wọ́ kì í fi púpọ̀ sí i. Ẹni tó jẹ́ pé eruku ewé ló kó jọ a máa dà á lé e lórí, bí alásè tó ń fi ata bo ẹja tó ti fẹ́ rà.

Bí àwọn tó fi títọ́ tíì wò ṣiṣẹ́ ṣe máa ń tú u fó rèé: gíráàmù 2 ewé sí mìlílítà 100 omi híhó, ìṣẹ́jú 6, láìsí ṣúgà. Wọ́n á fi ṣíbí bù ú, wọ́n á fà á sẹ́nu ṣùùrù, wọ́n á yí i ká ẹnu, wọ́n á sì tu ú dànù. (Mo mọ̀ pé ìyá rẹ kọ́ ọ pé ọmọlúàbí kì í mu nǹkan báyẹn. Fún tọ̀ní, fà á.) Ìṣẹ́jú 6 pọ̀ fún mímu lásán, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àléébù ewé ti ń jáde. Wá jẹ́ kó tutù, kí o tún tọ́ ọ wò. Nígbà tí òórùn bá ti rọlẹ̀, kí ló kù? Bó bá jẹ́ ìkorò bí oògùn nìkan ni, a ti rí ọ̀rọ̀ sọ.

Èyí tí wọ́n da tíì dúdú àti tíì aláwọ̀ ewé pọ̀ ló ń fa wàhálà jù. Igi kan náà ló bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ti dúdú pọ́n kí wọ́n tó gbẹ ẹ́, nígbà tí wọ́n tètè fi iná kan ti aláwọ̀ ewé kó má bàa pọ́n. Omi híhó tó ń gbé tíì dúdú yọ ló ń mú èkejì korò. Jẹ́ kí omi rẹ rọlẹ̀ sí bí 80 ní ìwọ̀n Celsius. Bí kò bá dáa síbẹ̀, ẹni tó po ó ni kí o bi, má bi ara rẹ.

Kì í ṣe gbogbo tíì olóòórùn ni ti ìbojú. Ní Fuzhou, ní Ṣáínà, òdòdó jásímììnì tó ń là lóru ni wọ́n ń tẹ́ sáàárín ewé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ṣà á kúrò, òórùn á ṣẹ́ kù.

Kí o tó ra agolo mìíràn, wá ewé tí wọn ò fi nǹkan kan sí. Wọ́n ń gbìn ín lórí òkè Mambilla, ní ìpínlẹ̀ Taraba, nílé wa níbí. Mu ún fún ọjọ́ mélòó kan láìsí ṣúgà àti mílíìkì, kí o tó padà sídìí Earl Grey rẹ.