Ìdánwò Olùkọ́ ní Ọjọ́ Iṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ìdánwò mìíràn ń bẹ níwájú yín lẹ́yìn ti kọ́lẹ́ẹ̀jì: ti ìwé-àṣẹ. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2017, Gánà ní 2018. Ẹni tí kò bá yege kì yóò gba ìwé náà.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni tèmi bọ́ sí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo sì kọ iṣẹ́ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún olùkọ́ tí yóò dúró fún mi. Lára ohun tí wọ́n bi mí ni ètò ẹ̀kọ́, ìtọ́jú ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé, àti ìwà tí ó yẹ olùkọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ mi náà ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa kíláàsì tì nítorí ìdánwò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.