Nọ́ọ̀tì Tó Wọlé, Nọ́ọ̀tì Tó Jókòó

Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ríìmù onírin kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, kó fi ti àlọ́ì sí i, ríìmù nìkan ló máa ń gbájú mọ́: bó ṣe ń dán, iye ihò tó ní, táyà tó bá a wá. Nọ́ọ̀tì kì í sí lọ́kàn rẹ̀ àfi tí kò bá pé. Ẹni tó ń ta ríìmù á da ẹ̀kúnwọ́ kan jáde látinú agolo, á yí ọ̀kan sórí bóòtù, ó wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀, torí pé wíwọlé nọ́ọ̀tì kò tíì sọ ju pé eyín rẹ̀ bá eyín bóòtù mu.

Kí ni nọ́ọ̀tì ń ṣe níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló rò pé orí bóòtù ni ríìmù fi ara kọ́. Rárá o. Bí a ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ni bóòtù ń nà, ìnà bíńtín tí ojú kò lè rí. Bóòtù fẹ́ súnkì padà, ìyẹn ló sì fi ń fa ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù pinpin. Tí ìfúnmọ́ra yẹn bá dẹ̀, ríìmù á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí họ́ọ̀bù, bóòtù á máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí yóò fi já.

Ẹ jẹ́ ká mú Toyota àti Honda, tí wọ́n kún títì wa. Bóòtù ọ̀pọ̀ Corolla, Camry, Civic àti Accord fẹ̀ ní mìlímítà 12, àlàfo eyín kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 1.5. M12 x 1.5 ni ẹ máa rí lára páálí nọ́ọ̀tì wọn. Nọ́ọ̀tì Honda á wọ bóòtù Toyota wẹ́rẹ́, ti Toyota náà á wọ ti Honda. Ìyàtọ̀ tí fọkanáísà kọ́kọ́ máa rí ni ti sípánà: 19 fún Honda, 21 fún Toyota. Ìyàtọ̀ tó léwu wà nísàlẹ̀ nọ́ọ̀tì, ní ojú tó fi ń jókòó sínú ihò ríìmù.

Ojú yìí jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Ti Honda rí roboto, ìbáà jẹ́ lórí ríìmù onírin tàbí àlọ́ì tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Ti Toyota lórí ríìmù onírin dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ àlọ́ì Toyota látilé iṣẹ́, ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ní wọ́ṣà, ọrùn kúkúrú sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń wọnú ihò. Àwọn ríìmù ọ̀ṣọ́ tí a ń rà lọ́tọ̀ ńkọ́? Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníwọ̀n dígírì 60 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó ra irú wọn sí Honda tó sì dá nọ́ọ̀tì rẹ̀ àtijọ́ padà sí i ti fi ìdérí ìkòkò kan bo òmíràn. Ojú roboto kàn máa ń kan ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní òrùka tín-ín-rín ni. Gbogbo agbára á pé jọ síbẹ̀, àlọ́ì á rún níbẹ̀, nọ́ọ̀tì tí a fún dáadáa láàárọ̀ á sì dẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣiyèméjì, ẹ fi máàkà kun ojú nọ́ọ̀tì, ẹ fún un díẹ̀, kí ẹ sì tú u. Tí kíkùn bá pa káàkiri ojú tó fẹ̀, ó jókòó. Tó bá jẹ́ ìlà òrùka kan ṣoṣo ló pa, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ti eyín náà kò ṣeé fojú kéré. Mìlímítà 12 náà ni bóòtù ọ̀pọ̀ Nissan, ṣùgbọ́n 1.25 ni àlàfo eyín rẹ̀. Nọ́ọ̀tì 1.5 á gbà á díẹ̀, á wá há. Sípánà gígùn ló máa ń ba bóòtù jẹ́ níbẹ̀, torí náà ìka ọwọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Kí ó sì wọlé jìn tó: ìwọ̀n tí bóòtù fẹ̀ ni kí nọ́ọ̀tì fi gbá eyín rẹ̀ mú. Lórí M12 x 1.5, ìyẹn jẹ́ yíyí 8. Àlọ́ì nípọn ju irin lọ, ó lè jẹ eyín yẹn mọ́ yín lọ́wọ́. Nọ́ọ̀tì tórí rẹ̀ dí náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: bí orí bóòtù bá kan òkè inú rẹ̀ kí ríìmù tó fún, ẹ máa rò pé ó ti le, bẹ́ẹ̀ ríìmù ṣì ń mì.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Volkswagen àti Mercedes kò lo nọ́ọ̀tì. Bóòtù ni wọ́n ń yí wọnú họ́ọ̀bù, gígùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ríìmù mu. Èyí tó gùn jù lè gún nǹkan lẹ́yìn họ́ọ̀bù.

Ẹ má fi òróró tàbí gíríìsì sí eyín. Ẹ fún àwọn nọ́ọ̀tì ní ìkọjá-síra, kì í ṣe ní títẹ̀lé ara wọn yípo. Toyota ní kí agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì Corolla jẹ́ 103 Nm, Honda ní 108 fún Civic. Lórí sípánà tí ọwọ́ rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, 103 yẹn kò ju kílò 26 lọ ní ìparí ọwọ́. Ọmọkùnrin tó wọn kílò 70 tó gorí sípánà yẹn láti fò lé e ti fi ìlọ́po méjì kọjá ibẹ̀. Tí ríìmù tuntun bá ti rin kìlómítà 80 sí 160, bí ìrìn Èkó sí Ìbàdàn, ẹ tún un fún.

Sípẹ́à ló kù. Lórí Toyota, ẹnu ọrùn nọ́ọ̀tì àlọ́ì ilé iṣẹ́ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó lè jókòó sórí sípẹ́à onírin. Lórí Honda, sípẹ́à ṣì ń bèèrè ojú roboto, nítorí náà kí nọ́ọ̀tì àtijọ́ wà nínú búùtù. Bí nọ́ọ̀tì tuntun bá jẹ́ irú tó ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí ìyẹn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì, torí fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà kò ní ní i.