Gígun Kẹ̀kẹ́ Lójú Ọ̀nà Eléruku: Ẹ̀kọ́ Láti Èbúté Onitsha

Èbúté Onitsha, tí ó wà ní etí Odò Ọya ní Ìpínlẹ̀ Anambra, kì í ṣe ibi tí ojú ọ̀nà ti máa ń dákẹ́. Abẹ́ NIWA, àjọ tí ń bójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé ní Nàìjíríà, ni ó wà. Ọdún 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i nígbà ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì tún un ṣí lẹ́yìn àtúnṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. Ní Bridge Head, àti ní ọ̀nà Atani tí ó gba àárín àwọn ilé-iṣẹ́ Harbour kọjá lọ sí Ogbaru, tírélà, ọkọ̀ akóyanrìn, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọmọlanke ni ó ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Láàárín wọn ni ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere wà. Ẹlòmíràn ń lọ síbi iṣẹ́, ẹlòmíràn ń gbé ọjà kiri, ẹlòmíràn sì wà tí dókítà ti sọ fún pé kí ó máa ṣe eré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni ìkẹyìn yìí ni a ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó béèrè: ǹjẹ́ eruku tí ó ń fà sínú kò ní ba àǹfààní tí ó ń wá lórí kẹ̀kẹ́ jẹ́?

Ní àwọn àfonífojì tí ó wà láàárín àwọn òkè Alps ní Switzerland àti Austria, ńṣe ni àwọn ènìyàn máa ń dìídì kúrò lójú ọ̀nà ọlọ́dà, tí wọ́n á gba ojú ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ lọ láti gba afẹ́fẹ́ tútù sára. Wọ́n tilẹ̀ ti ṣe irú kẹ̀kẹ́ kan fún un, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń sáré ìje lọ. Ní tiwa, a kì í wá ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà lọ. Òun ni ó ń bá wa nílé. Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ àti ọkàn ń ṣe lórí ọ̀nà méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Kò sí àní-àní nípa àǹfààní kẹ̀kẹ́. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá tí kò le jù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdajì wákàtí lórí kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún ti tó ìwọ̀n yìí. Ó ń ran ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ súgà lọ́wọ́, kì í sì í di ẹrù lé orúnkún bí eré sísá ti ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo eruku náà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ekuru (kì í ṣe èkuru tí a fi ẹ̀wà ṣe o). Ní ọdún 2016, orúkọ Onitsha gba gbogbo ayé kan, kì í sì í ṣe fún ohun tí ó dára. Nínú àkọsílẹ̀ tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún náà nípa afẹ́fẹ́ àwọn ìlú ńláńlá, Onitsha ni ìwọ̀n eruku rẹ̀ ga jù lọ: máíkírógíráàmù 594 nínú afẹ́fẹ́ tí ó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n tí àjọ náà kà sí ààlà nígbà náà jẹ́ 20, wọ́n sì tún dín in kù sí 15 ní ọdún 2021. Ní òtítọ́, ó ti pẹ́ ṣáájú ọdún 2016 tí wọ́n ti wọn ti Onitsha, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mú un bí ìwọ̀n tòní. Ṣùgbọ́n ohun tí ń fa eruku náà kò tíì kúrò nílẹ̀: ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí, yanrìn tí ọkọ̀ ń kó láti etí odò, ààtàn tí a ń sun, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ọkọ̀ tí ó ti gbó. Bí ọyẹ́ bá dé, aṣálẹ̀ Sàhárà àti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad á tún fi tiwọn kún un.

Irú eruku tí wọ́n wọ̀n yìí kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà lọ, ojú lásán kò sì lè rí ẹyọ rẹ̀. Èyí tí ó tóbi nínú rẹ̀ máa ń há sí irun àti ikun imú. Èyí tí ó kéré jù, tí kò tó ìdá kan nínú irínwó mílímítà, a máa dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa dá kún àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan bí lítà mẹ́fà afẹ́fẹ́ ni ó ń mí sínú ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́ kíkankíkan, ó lè ju lítà 40 lọ. Ẹnu ni a sì sábà máa ń fi mí nígbà náà. Ẹnu kò sì ní irun tí yóò sẹ́ eruku.

Ṣé kí a wá gbé kẹ̀kẹ́ tì ni? Rárá. Ní ọdún 2016 kan náà, àwọn onímọ̀ kan, tí àwọn ti Yunifásítì Cambridge wà lára wọn, ṣe ìṣirò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ní ọ̀pọ̀ ìlú ayé, àǹfààní kẹ̀kẹ́ ju ewu afẹ́fẹ́ lọ. Níbi tí ìwọ̀n eruku tí ó kéré jù náà bá tó máíkírógíráàmù 100, ó di ìgbà tí ènìyàn bá ń lò ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ lórí kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́ kí ewu tó borí. Èrò tèmi lórí èyí ni pé ìdajì wákàtí tí dókítà ní kí ẹ ṣe kò léwu tó kí ẹ jókòó sílé. Ẹni tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tírélà ni ọ̀ràn rẹ̀ le, òun gan-an ni kì í sì í ní ọ̀nà mìíràn.

Ẹ yan àkókò àti ọ̀nà. Ọjọ́ tí ó tẹ̀lé òjò ni ó dára jù, nítorí ilẹ̀ ti mu omi, eruku kò sì ní dìde. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún kòtò tí omi bò. Ẹ jáde kí ọkọ̀ akẹ́rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí ẹ bá rí i pé èéfín ààtàn tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lójú ọ̀nà láàárọ̀, tí kò gòkè, ẹ dúró kí oòrùn là díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ dúró létí odò kí ẹ wo òdìkejì: bí ẹ kò bá rí Asaba àti afárá dáradára, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín padà sílé. Ẹ gba àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kì í gbà, kódà bí ó bá jìn díẹ̀. Bí tírélà bá kọjá, ẹ má ṣe tẹ̀ lé e. Ẹ dúró kí eruku rẹ̀ rọlẹ̀.

Aṣọ tí a fi di imú lè dá eruku ńlá dúró, kò lè dá èyí tí ó kéré jù. Ìbòmú N95 tí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú ṣinṣin lè dá a dúró, àmọ́ ó ṣòro láti máa fi gun òkè, nítorí náà ẹ rọra gùn. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ jáde láìmú oògùn tí ó ń fà sínú dání. Bí àyà bá fún pọ̀ tàbí tí ó ń dún fíì-fíì, kí ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó lo oògùn náà; bí kò bá sì rọlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ó kọjú sí. Bí eruku bá wọ ojú, omi tí ó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra á.

Ní ti kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù díẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, kí ó má baà máa gbọ̀n yín jìgìjìgì. Bí ìka tí ó kéré jù bá ń kú tipiri, ẹ ti tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jù. Ẹ máa pààrọ̀ bí ẹ ṣe dì í mú. Ẹ dé akoto, kí ẹ má sì fún bíréèkì iwájú pa lójijì lórí yanrìn. Bí ẹ bá ṣubú tí ilẹ̀ sì bó yín lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ó mọ́ fọ ojú ọgbẹ́ náà títí iyẹ̀pẹ̀ yóò fi kúrò, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, lọ́jọ́ náà gan-an, bóyá ó yẹ kí ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí inú ilẹ̀ ni kòkòrò àrùn yẹn ń gbé.