Kí A Tó Kọ́lé sí Ìdí Àpáta

Ẹ̀yin ará, lẹ́yìn omíyalé, òkè ni ẹni tí omi lé kúrò létí odò máa ń wò. Ní Ekinrin-Adde wa yìí, ìdí àpáta ló sábà máa ń kù fún un. Ibẹ̀ gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lókè orí yín.

Àpáta tí a rò pé odindi ni ti là ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìwúwo àwọn ègé rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe fara ti ara wọn, ló dì wọ́n mú. Bí ilẹ̀ bá mì tìtì, ìdìmú yẹn á dẹ̀: ègé tó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á yọ̀ díẹ̀, á dúró, á tún yọ̀. Orí òkè ló sì sábà máa ń mì jù, bí ọ̀pẹ nínú ìjì, tí ìdí rẹ̀ dúró tí orí rẹ̀ ń fì. Bí omi òjò bá ti kún inú pàlàpálá àpáta tẹ́lẹ̀, omi náà ti ń tì í síta. Ìmìtìtì kékeré lè parí iṣẹ́.

Ẹnìkan lè ní kò sí ìmìtìtì ilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó wà, bó tilẹ̀ kéré: Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ ọ́n lára ní ọdún 1984, Mpape ní Àbújá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Accra ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939 wó ilé, ó sì pa ènìyàn. N kò fi èyí dẹ́rù bà yín. Òjò ni mo ń bẹ̀rù jù níhìn-ín. Ní Wenchuan ní Ṣáínà, ìmìtìtì ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2008 tú àwọn òkè ká. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, òjò ńlá kó òkúta àti ẹrẹ̀ tó ti tú sílẹ̀ náà wálẹ̀, omi sì ya wọ ìlú Yingxiu tí wọ́n ṣì ń tún kọ́.

Ẹ gun òkè náà lọ́sàn-án pẹ̀lú àgbà tó mọ̀ ọ́n. Ibi tó mọ́ láàárín ojú àpáta tó ti dúdú fi hàn pé ègé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ òkúta ńlá. Òkúta ràgàjì tó wà lórí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà (àwọn kan ń yọ̀ pé yóò wúlò fún ìpìlẹ̀), òkè ló ṣeé ṣe kó ti yí wá. Ẹ kọ́lé yín kọjá èyí tó yí jìnnà jù lọ. Ẹ má dáná sórí àpáta láti fọ́ ọ lókè ilé, ẹ má sì gbẹ́ ìdí òkè.

Kí ẹ tó gba páànù àti sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ wa, ẹ mú wa lọ wo ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti san owó rẹ̀, ẹ ṣì mú wa lọ.