Ọkọ mi ń kó ẹrù ilé wa síta

Láti ìgbà tí a ti sin ìyá ọkọ mi lọ́dún tó kọjá ni bàbá àwọn ọmọ mi ti ń kó ẹrù ilé jáde. Bàtà àti ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, mi ò bá a wí. Ó kan agbádá, ó kan tẹlifíṣọ̀n kejì, ó ta àga ńlá tó wà ní pálọ̀. Lóṣù tó kọjá, ó fi àwo tí mo rà pa mọ́ de àlejò ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ, kò bi mí. Owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, kò jẹ gbèsè, kò yí ẹ̀sìn padà. Ó kàn ní ẹrù ti pọ̀ jù ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ará àdúgbò á ní a ti wọko gbèsè. Kí ló ń mú èèyàn ṣe báyìí?
— Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ ní ìgbà tí ẹ sin wọ́n ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lèmi náà máa dúró sí.

Ta ló palẹ̀ yàrá Màmá mọ́? Bó bá jẹ́ ọkọ yín ni, ẹ mọ ohun tí a máa ń bá nínú yàrá àwọn ìyá wa: àpótí lórí àpótí, léèsì tí wọn ò rán, tí òórùn káńfọ̀ ti wọ̀ lára, àwo tánganran tó ṣì wà nínú páálí, ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pín níbi òde àríyá. Wọ́n ń tọ́jú wọn de ọjọ́ ńlá. Ọmọ tó jókòó sáàárín irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tó ń pín in, tí àwọn ẹbí tún ń tìtorí rẹ̀ jà, lè padà délé kó wo kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ kó ní: ta ni yóò wá palẹ̀ eléyìí mọ́?

Ọkọ yín kọ́ ni àkọ́kọ́. Joshua Fields Millburn, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n ń pè ní The Minimalists ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gba èèyàn níyànjú láti dín ẹrù kù, ń ṣiṣẹ́ olówó gidi nígbà tí ìyá rẹ̀ kú lọ́dún 2009, tí ìgbéyàwó rẹ̀ sì tú ká lásìkò kan náà. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tí ẹrù rẹ̀ wà fún. Ní Japan, ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011 jẹ́ kí àwọn kan rí i pé kọ́bọ́ọ̀dù inú ilé lè wó lu onílé. Lọ́dọ̀ tiwa, owó ilé tó ń lọ sókè ló ń lé àwọn mìíràn láti yàrá mẹ́ta bọ́ sí yàrá kan. Ti ẹlòmíràn sì jẹ́ ìgbàgbọ́: Tai Solarin, tó dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, ṣòkòtò péńpé àti fìlà la mọ̀ ọ́n mọ́ títí ó fi kú lọ́dún 1994.

Nítorí náà, ẹ má tíì bá ọkọ yín jà. Lálẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ bi í ohun tó rí ní yàrá ìyá rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ dópin.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbè é lórí ọ̀rọ̀ àwo. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi tọrẹ. Ẹ jọ ṣàdéhùn: kálukú ló láṣẹ lórí ẹrù tirẹ̀, ohun àjọní kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, ìwé ẹ̀rí, fọ́tò àti aṣọ ìrántí Màmá kò sí lára ohun tí à ń kó dànù. Ní ti àwọn ará àdúgbò, wọn kì í bá yín san owó ilé ìwé. Ṣe-bó-o-ti-mọ kì í ṣe ẹ̀gàn.

Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ gidigidi. Bó bá ń fi ohun tó fẹ́ràn jù tọrẹ, tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dágbére, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ mú un lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn UCH. Ọ̀fọ̀ lè di àìsàn, àìsàn náà sì ní ìtọ́jú. Bí ẹ kò bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ jọ pinnu ìwọ̀n tó tó yín. Ẹ kọ̀wé padà, kí n gbọ́ bó ṣe lọ.