Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé: Bí Olùkọ́ Rẹ Bá Le

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 18:5–16, 19:1–18

Kókó ẹ̀kọ́: Má ju ọ̀kọ̀ náà padà, má dúró kí ó gún ọ, lọ sọ fún Sámúẹ́lì.

 

Bí ilé-ìwé bá ti wọlé, kì í pẹ́ tí a fi máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn ọmọ: "Bàbá, mi ò lọ mọ́. Olùkọ́ yẹn kò fẹ́ràn mi." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ nígbà gbogbo. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ ọmọ ní ohun gbogbo. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ìyá rẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ ìṣirò yàtọ̀, ti Faransé yàtọ̀, ti ìtàn yàtọ̀. Ọmọ tó ti oko wá, tó ń sọ Ìdáàṣà nílé, tó wá ń gbọ́ Faransé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò lè tètè balẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà bá wá le, á ní gbogbo ìwé ló le.

1. OHUN TÍ Ó ṢE ÀWA FÚNRA WA

A kò ní fi pamọ́ fún yín. Àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, ìwé wa kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1983 ni a yege ìdánwò, bàbá wa sì pa adìẹ. A wá sí ìlú, a ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa obìnrin, lẹ́sẹ̀ òkè. Olùkọ́ kan wà tó ń kọ́ wa ní Faransé. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kàwé níwájú rẹ̀, ahọ́n wa kọ́, ó sì sọ wá ní "Ará Oko." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti wọlé, àwa ni yóò kọ́kọ́ pè dìde.

A kò bá a jà. A kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ a ó wọ aṣọ ilé-ìwé, a ó gbé àpò ìwé, a ó gba ẹ̀yìn àpáta lọ, a ó jókòó síbẹ̀ títí agogo á fi lù. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó mọ̀ nílé. Bàbá wa ti oko wá. Kò nà wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: "Ta ni o sọ fún?" A kò rí èsì. Ó ní kí a lọ mú ọkọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn wá jù? Nígbà tí ilé-ìwé tún wọlé lọ́dún kejì, wọ́n ti gbé olùkọ́ náà lọ sí ìlú mìíràn. Òun ti lọ. Àwa kò padà mọ́. Àwọn àgbà ní a kì í bínú orí, ká fi fìlà dé ìbàdí. Ohun tí àwa ṣe gan-an nìyẹn.

2. LÍLE OLÙKỌ́ KÒ BẸ̀RẸ̀ LÓNÌÍ

Nígbà tí àwọn Faransé ń jọba lé wa lórí, tí ilẹ̀ wa ń jẹ́ Dahomey, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé, wọ́n á fi nǹkan kọ́ ọ lọ́rùn. Signal ni wọ́n ń pè é. Ó lè jẹ́ pátákó, ó lè jẹ́ egungun tàbí ìkarahun. Ẹni tó wà lọ́rùn rẹ̀ á máa ṣọ́ ọmọ mìíràn tí yóò ṣèèṣì sọ èdè ilé, kí ó lè gbé e fún un. Ọrùn ẹni tó bá kù sí nígbà tí ilé-ìwé bá parí, olúwa rẹ̀ ni yóò jẹ ẹgba. Òmìnira dé ní 1960, ṣùgbọ́n signal kò bá àwọn Faransé lọ. Ní ilé-ìwé púpọ̀, àwọn olùkọ́ tiwa náà ló tún ń lò ó. Ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn olùkọ́ náà sì rí tiwọn. Ní 1989, owó oṣù wọn kò wọlé fún oṣù púpọ̀, iṣẹ́ dúró, wọ́n sì fagi lé ọdún ilé-ìwé náà. Láti 2019 ni a sì ti ń gbọ́ orúkọ aspirant: wọ́n ń kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tó fìdí múlẹ̀. A kò sọ èyí láti bo ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ìbínú tí olùkọ́ gbé wọ kíláàsì, nígbà mìíràn, ilé ló ti gbé e wá.

Ẹ kíyè sí i o: olùkọ́ líle yàtọ̀ sí olùkọ́ búburú. Èyí tó ń fún yín ní iṣẹ́ àṣetiléwá púpọ̀, tí kì í gba ìwé onídọ̀tí, tí kì í fúnni ní máàkì ọ̀fẹ́, le ló le, kò burú. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bú ìyá ọmọ, tó ń na ọmọ títí ara á fi bó, tàbí tó ń ní kí ọmọbìnrin wá bá òun nílé kí ó tó gba máàkì, ọ̀kọ̀ nìyẹn.

3. OHUN MẸ́TA TÍ DÁFÍDÌ ṢE

Sọ́ọ̀lù ni ọ̀gá Dáfídì. Dáfídì ń ta háàpù fún un, ọ̀gá yìí sì ju ọ̀kọ̀ sí i.

(a) Kò ju ọ̀kọ̀ náà padà. Ọmọ tó bá dá èébú padà fún olùkọ́, ó ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Àwọn tó yẹ kí wọ́n gbèjà rẹ̀ á ní aláfojúdi ni. Kí i bí o ti ń kí àwọn yòókù. Má bá wọn sọ ọ́ lórúkọ lẹ́yìn.

(b) Kò dúró kí ó gún òun. Ó yẹ̀ ẹ́, nígbà méjì. Yíyẹ̀ tìrẹ nìyí: jókòó níwájú. Ṣe iṣẹ́ rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí kò yé ọ, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ń jáde, mú ìbéèrè kan ṣoṣo lọ bá a, kì í ṣe márùn-ún. Bí kò bá dá ọ lóhùn, bi ẹgbẹ́ rẹ tó mọ̀ ọ́n, tàbí ẹni tó ti kọjá kíláàsì náà. Ìmọ̀ ìṣirò kì í ṣe ti olùkọ́ ìṣirò. Ẹ wo àwọn ìyá wa tí ń fọ́ òkúta lẹ́sẹ̀ òkè Ìdáàṣà: wọn kì í bá òkúta bínú, wọn kì í sì í fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fọ́ ọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni, títí ó fi di òkìtì.

(d) Ó lọ sọ fún Sámúẹ́lì. Ibi tí àwa ti kùnà nìyí. Dáfídì kọ́kọ́ ní Jònátánì, ọ̀rẹ́ tó bá a bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò dúró, ó sá lọ bá àgbà, ó sì sọ gbogbo ohun tí Sọ́ọ̀lù ṣe fún un. Kì í ṣe ìwà àrífín. Sọ fún ìyá rẹ, bàbá rẹ, surveillant, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, tàbí àgbà kan nínú ìjọ. Sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó sọ gan-an. Má bù mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí olùkọ́ bá fi ara yín lọ̀ yín, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ. Òfin wà: ti 8 December 2015 ń dáàbò bo ọmọ, ti 20 December 2021 sì tún le sí i fún ẹni tó bá fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ obìnrin. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ fún yín.

4. Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ÒBÍ

Àwọn kan nínú yín máa ń mú àbẹ́là àti orúkọ olùkọ́ wá, wọ́n ní ká ka Sáàmù lé e lórí kí ó kúrò níbẹ̀. A ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n fún un ni, kì í ṣe lé e lórí. Lẹ́yìn àdúrà, ẹ dìde kí ẹ lọ rí i.

Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa ń gba 4 nínú 20 nínú ìṣirò. Ó ní olùkọ́ ń pe òun ní òmùgọ̀. Àwa àti bàbá rẹ̀ lọ. A kò pariwo, a kò halẹ̀. A kí i kú iṣẹ́, a ní, "Kí ni ká ṣe nílé tí yóò ràn yín lọ́wọ́?" Ó wò wá pẹ́, ó ní àwọn ọmọ lé ní 60 nínú kíláàsì náà, kò sí òbí kan tó tíì bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ẹ̀yìn pátápátá ni ọmọ náà ń jókòó, kò sì rí pátákó dáadáa. Wọ́n gbé e síwájú. Olùkọ́ náà kò di ẹni jẹ́jẹ́ o. Ó ṣì ń jágbe. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà gba 9, lẹ́yìn náà 11. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá wa bi wá pé ta ni a sọ fún. Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀yin, ẹ bi àwọn ọmọ yín lálẹ́ òní.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló fi olùkọ́ líle àti olùkọ́ búburú hàn yàtọ̀ síra?
2. Ta ni Jònátánì rẹ ní kíláàsì? Ta ni Sámúẹ́lì rẹ? Dárúkọ wọn.
3. Ẹ̀kọ́ wo ni o ti fẹ́ pa tì nítorí olùkọ́? Kí ni wàá ṣe lọ́sẹ̀ yìí?

ÀDÚRÀ: Kí a gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa, kí a sì dárúkọ àwọn olùkọ́ wọn pẹ̀lú ire. Àmín.